Right-angle head fún milling machine: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n dá orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀?

Tọ́nà_Ìwó_Road (Ìbàdàn) kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ògún á gbè wá o.

Mo ní milling machine Bridgeport tòkunbọ̀ kan tó ti ìlú Òyìnbó wá. Series I ni, orí rẹ̀ jẹ́ 1J, èyí tí a máa ń fi ọwọ́ gbé bẹ́líìtì láti orí púlì kan sí òmíràn tí a bá fẹ́ yí ìyára padà. Tébù rẹ̀ gùn ní ínṣì 42. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Èkíní ni ilé gíà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ní kúárì. Káàsì ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 200 mm, inú rẹ̀ jìn ní 260 mm. Lára ògiri inú, ní nǹkan bí 150 mm sísàlẹ̀ ẹnu, kòtò tóóró kan wà níbẹ̀ tí irin pẹlẹbẹ tó di bíárìn mú ń jókòó sí. Ó gùn ní 110 mm, ó jìn ní 8 mm, 12 mm ni fífẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ gan-an. Mo fẹ́ gé e sí 14 mm kí n sì ṣe irin pẹlẹbẹ tuntun fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò M10 (ihò skúrù 10 mm) mẹ́rin lára ògiri kan náà.

Èkejì ni shaft tó gùn ní 1.6 m, tó nípọn ní 80 mm. Wọ́n fẹ́ ihò M12 mẹ́ta sí ojú ìpẹ̀kun rẹ̀.

Ẹnìkan ní ọjà ní right-angle head kan tó fẹ́ tà fún mi, ìyẹn orí onígun tí a ń so mọ́ abẹ́ orí ẹ̀rọ kí endmill (irin eléyín tí ń gé iṣẹ́) lè dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣé yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì?

Toolroom_Leicester kọ:

Ẹ kú ìsinmi o, ọ̀gá. Ó ṣeé ṣe kí ibi tí mo wà yìí ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ yín, torí Adcock & Shipley ní Leicester níhìn-ín ló ń ṣe Bridgeport fún ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ẹ má tìtorí shaft ra nǹkan kan. Orí Bridgeport ń yí sí ọ̀tún àti sí òsì dé 90°. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì mẹ́rin iwájú orí náà díẹ̀, ẹ má tú wọn tán, kí ẹ wá fi sípánà yí worm (skúrù gíà) rẹ̀ títí spindle, ọ̀pá tí ń yí bíìtì, yóò fi dùbúlẹ̀. Orí yẹn wúwo, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín gbé e ró. Ẹ tẹ́ shaft sórí V-block ní gígùn tébù, kí ẹ fi nǹkan gbé ìdí rẹ̀ tó yọ síta ró, kí ó má baà fa tébù wálẹ̀.

Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé quill, ìyẹn irin tí spindle wà nínú rẹ̀ tí a ń tì síta tí a ń fà wọlé, ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tí spindle bá dùbúlẹ̀, ọwọ́ quill tí ẹ mọ̀ ni ẹ óò fi ti bíìtì wọlé, ínṣì 5 gbáko. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí bíìtì bá ń jẹun dáadáa, ẹ óò sì mọ̀ nígbà tí èérún bá dí i. Pẹ̀lú right-angle head, quill kò lè ti bíìtì wọ inú iṣẹ́ mọ́. Gíga nìkan ni yóò máa yàn. Tébù ni ẹ óò máa yí láti lu ihò, ọwọ́ kò sì ní gbọ́ ohun tí bíìtì ń sọ.

Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fi dial gauge (aago tí ń wọn ìyàtọ̀ kékeré) tún orí náà tò nígbà tí ẹ bá gbé e dìde padà. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára rẹ̀ kò tó gbọ́kàn lé.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ (Abẹ́òkúta) kọ:

Kí ló dé tí ẹ kò yí turret (ibi tí apá tó gbé orí ẹ̀rọ ti ń yí) kí orí ẹ̀rọ bọ́ síta kúrò lórí tébù, kí shaft wá dúró lóòró lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ? Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì mọ́.

Toolroom_Leicester kọ:

Ọ̀nà tó dára ni fún shaft kúkúrú. Ṣùgbọ́n 1.6 m ga ju àyè tó wà láti ilẹ̀ dé ẹnu spindle Bridgeport lọ, àfi tí ẹ bá gbẹ́ kòtò sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

BàbáGíà kọ:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èwe. Èmi á sọ̀rọ̀ lórí ilé gíà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Tọ́nà, àbúrò mi, gbọ́ mi dáadáa. Right-angle head wà fún ibi tí spindle kò lè dé rárá, yálà orí ẹ̀rọ dúró tàbí ó dùbúlẹ̀. Kòtò tí o ń sọ yìí jẹ́ irú ibẹ̀. Àmọ́ ohun tí orí àfikún yẹn bá fún ọ, yóò gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ. Ó ń gba gíga, torí ó rọ̀ sábẹ́ quill. Ó ń gba agbára, torí gíà kékeré méjì ló ń gbé gbogbo ẹrù. Èyí tó burú jù ni pé ó ń gba líle ẹ̀rọ. Spindle Bridgeport jókòó sórí bíárìn tó lágbára nínú quill. Bí o bá fi àfikún kọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, tí o tún na quill síta kí ó lè wọ inú àpótí káàsì, gbogbo rẹ̀ á máa mì.

Kí o tó sanwó, wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe fífẹ̀ ara rẹ̀ nìkan. Fi endmill tí o máa lò sínú collet (ohun tí ń di endmill mú) rẹ̀, kí o wọ̀n láti ẹ̀yìn ara orí náà lọ dé ẹnu endmill. Ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ kéré sí 200 mm, ó sì gbọ́dọ̀ ku àyè tí o máa fi sún un sẹ́yìn kí ó tó kan ògiri tí o fẹ́ gé.

Wọn quill rẹ náà níbi tí clamp ti máa dì í mú. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi Bridgeport ṣe àwòkọ ní Éṣíà pọ̀ lọ́jà, àwọn àfikún wọn sì pọ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìwọ̀n wọn bára mu. Bí clamp bá tóbi díẹ̀ péré ju quill lọ, kò ní di mú. Bí endmill bá wá há, gbogbo ara orí náà ni yóò yí gbirigbiri pẹ̀lú spindle. Kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró.

Irin_Kì_í_Parọ́ kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Orí gíà filing machine (angle grinder) ńkọ́? Bevel gear ni ó wà nínú rẹ̀, 90° ni. Ẹ yọ mọ́tò rẹ̀, ẹ wá ṣe ọ̀pá kan tí yóò so gíà kékeré mọ́ collet R8, irú èyí tí spindle Bridgeport ń lò. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó.

ÌyáẸ̀rọ (Èkó) kọ:

Ẹ má ṣe é fún milling. Orí filing machine ni wọ́n ṣe fún òkúta ìlọ̀rin tó ń yí ní 11,000 lójú ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú ẹrù fúyẹ́. Bíárìn inú rẹ̀ kò ṣe fún kí endmill máa fà á síwá sẹ́yìn, ó sì sábà máa ń ní play (àlàfo tó ń jẹ́ kí ó mì) tí ẹ lè fi ọwọ́ lásán mọ̀. M14 ni ẹnu rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá ohun tí ẹ máa fi mú endmill síbẹ̀, ohun yẹn náà kò ní yí déédéé. Ẹ lè fi lu ihò kékeré sára páálí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kòtò 14 mm tí irin pẹlẹbẹ máa wọ̀ pátápátá? Rárá o.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń ra ojúlówó tòkunbọ̀, ohun tí èmi máa ń wò nìyí. Mo máa ń di ọ̀pá ìwọlé rẹ̀ mú gírígírí, kí n wá fi ọwọ́ yí spindle rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ó yẹ kí ó ṣeré díẹ̀ péré, torí bevel gear tí kò bá ní play rárá á gbóná. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣeré púpọ̀, tàbí tí ó ṣeré ní ibì kan tí kò ṣeré ní ibòmíràn, eyín gíà ti jẹ. Mo tún máa ń ti spindle rẹ̀ wọlé kí n fà á síta. Kò gbọdọ̀ lọ síbì kankan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi ìka wọ inú taper, ihò tí collet ń jókòó sí, kí n mọ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ẹ sì ríi pé ọ̀pá tí ń wọ spindle ẹ̀rọ àti clamp rẹ̀ bá a wá. Àwọn tó ń tà á kì í sábà ní èyí tó sọnù, ẹni tó bá sì máa gé e tuntun fún yín á gba owó gidi.

Tọ́nà_Ìwó_Road kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbọ́ ti shaft, orí ẹ̀rọ ni mo máa dá dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé orí onígun náà tọ́, tí kò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ó kúkú lè yí káàkiri lára quill.

Toolroom_Leicester kọ:

Ìbéèrè tó yẹ ní bíbéèrè nìyẹn.

Orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò kí ó dúró ṣánṣán sí tébù, nígbà tí àfikún kò tíì sí níbẹ̀. Bí orí ẹ̀rọ bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, orí onígun máa jogún rẹ̀, endmill á máa dojú kọ ilẹ̀ tàbí òkè.

Nígbà tí ẹ bá wá so àfikún mọ́ ọn, ẹ fi ọ̀pá yíyípo kan tó gún régé, tí wọ́n fi grinder parí, sínú collet rẹ̀. Ẹ fi magnet gbé dial gauge kalẹ̀ sórí tébù, kí ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà. Bí ó bá jẹ́ X (gígùn tébù; Y ni ìbú rẹ̀) ni ọ̀pá dojú kọ, ẹ sún tébù ní X, kí dial máa rìn lára ọ̀pá láti ìdí dé orí. Bí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sí apá kan, ẹ fi òòlù rọ́bà gbá ara orí náà pẹ́pẹ́ títí yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dial sórí òkè ọ̀pá kí ẹ ṣe bákan náà. Ti òkè yìí, orí ẹ̀rọ ni ó ń tún un ṣe, kì í ṣe àfikún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá fúnra rẹ̀ lè má yí déédéé nínú collet. Nítorí náà ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ yí spindle ní ìdajì, kí ẹ tún kà á. Àárín gbùngbùn ìkà méjèèjì ni òótọ́. Bí ẹ bá fi 0.05 mm sílẹ̀ nínú 100 mm, ihò tó jìn ní 40 mm á wọ́ ní 0.02 mm. Fún ihò bóòtù, kò burú. Fún ihò bíárìn, kò dára tó.

CNC_Houston kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Lórí CNC (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí mo ń ṣiṣẹ́ lé, angle head ti BENZ ti Jámánì àti ti Alberti ti Ítálì ni mo mọ̀ jù. Èrò kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í mú ló yàtọ̀. Orí náà ń wọ spindle bí tool holder BT40 yòókù, ṣùgbọ́n ó ní pin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọ inú block tí a fi bóòtù dè mọ́ ojú ẹ̀rọ. Pin yẹn ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ yí. Àṣẹ program tó ń jẹ́ M19 la fi ń dá spindle dúró sí igun kan kí ó tó wọlé. Tí ẹnikẹ́ni bá tan spindle nígbà tí pin kò tíì jókòó, ewu ńlá ni.

Ní program, ẹ má gbàgbé pé ìhà tí endmill dojú kọ ti yí padà. G17, àṣẹ tó ń yan ojú X àti Y, kò bá a mu mọ́. G18 tàbí G19 ni, gẹ́gẹ́ bí orí náà ṣe dojú kọ Y tàbí X, kí cycle ìlu-ihò àti ìyípo lè máa lọ níbi tó yẹ.

Ohun kan wà tó kan ẹ̀yin tí ń fi ọwọ́ ṣe é pẹ̀lú. Bevel gear lè yí ìhà tí spindle ń yí sí padà, ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe tò ó sínú. Ẹ tan ẹ̀rọ láìsí iṣẹ́ níwájú, kí ẹ wo endmill. Bí ó bá ń yí sẹ́yìn, ẹ yí switch mọ́tò padà. Mo ti rí endmill tuntun tí eyín rẹ̀ bó láàárín ìṣẹ́jú kan torí pé kò sẹ́ni tó wò ó.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ kọ:

Bóyá mo ti rí ọ̀nà mìíràn fún ilé gíà. Ó dájú pé ihò bíárìn wà ní ògiri kejì tó dojú kọ èyí. Kí wọ́n dá orí Bridgeport dùbúlẹ̀, kí endmill gùn gba inú ihò yẹn kọjá, kí ó lọ gé ògiri tó wà níwájú. Kò ní nílò àfikún rárá.

BàbáGíà kọ:

O ronú dáadáa, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni horizontal borer (ẹ̀rọ ńlá tí spindle rẹ̀ dùbúlẹ̀) ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ yẹn ló ni iṣẹ́ inú àpótí. Tọ́nà, báwo ni ihò ògiri kejì ṣe fẹ̀ tó, ibo sì ni kòtò náà wà sí i?

Tọ́nà_Ìwó_Road kọ:

Ihò ògiri kejì jẹ́ 90 mm, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ihò bíárìn ti ògiri yìí. Kòtò wà lábẹ́ ihò náà, àárín rẹ̀ fi 60 mm jìn sí àárín ihò.

BàbáGíà kọ:

Kò ṣeé ṣe nìyẹn. Ìdajì 90 jẹ́ 45. Endmill tó gba ihò yẹn kọjá kò lè dé 60 láìfara gbún ògiri. Orí onígun ni yóò ṣe é, tàbí kí o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní borer tó ní orí onígun tirẹ̀.

Tọ́nà_Ìwó_Road kọ:

Ẹ kú ìdúró. Shaft ti parí, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbi tó yẹ, oníṣẹ́ ti gbé e lọ.

Mo tún lọ wọ̀n orí onígun tí wọ́n fẹ́ tà fún mi. Mo fi endmill 10 mm sínú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn dé ẹnu endmill jẹ́ 215 mm. Kò lè wọlé. Ẹni tó ń tà á ń bá mi sọ pé kí n gé endmill kúrú, ṣùgbọ́n kódà tí mo bá gé e, kò sí àyè láti sún un sẹ́yìn.

ÌyáẸ̀rọ kọ:

Ẹ má rà á. Irú ńlá yẹn ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ òde, a sì tún máa fi ọ̀pá arbor sí i láti fi gé bí horizontal mill. Èyí tó bá iṣẹ́ yín mu ni Quillmaster, tí Bridgeport fúnra wọn ṣe fún inú kòtò àti igun tóóró. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, endmill kékeré sì ni ó ń mú. Ilé iṣẹ́ yẹn mọ iṣẹ́ orí àfikún láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Rudolph Bannow àti Magnus Wahlstrom tó kọ́ odindi ẹ̀rọ ní 1938, orí milling tí àwọn èèyàn ń so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Bridgeport, ní Connecticut. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn gan-an.

Mo ní Quillmaster kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. N kì í yá a lọ síta, torí bíárìn rẹ̀ kò rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè gbé ilé gíà náà wá sí Èkó, a ó jọ gé e níbí.

Tọ́nà_Ìwó_Road kọ:

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìyára wo la máa lò, báwo la sì ṣe máa gé e kí ó má baà ké?

ÌyáẸ̀rọ kọ:

Àmín o. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Endmill HSS (high-speed steel) 10 mm lórí káàsì, mo máa ń lo mítà 20 lójú ìṣẹ́jú. 1000 × 20, ẹ pín in sí 3.14 × 10, ó fún wa ní nǹkan bí ìyípo 637 lójú ìṣẹ́jú. Púlì 1J ní 660, ibẹ̀ ni a ó fi í sí. Bí ó bá ké, a ó sọ̀ ọ́ sí 325, a kò ní tìtorí ìyára bá a jà.

A kò ní fi endmill 14 mm kàn án lẹ́ẹ̀kan. 10 mm la ó fi kọjá láàárín, kí a wá bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Skúrù tébù tèmi náà ní play, nítorí náà lòdì sí feed (ìhà tí tébù ń rìn sí) la ó máa gé nígbà gbogbo. Tí a bá gé tẹ̀lé feed, endmill á fa tébù mọ́ra lójijì, eyín gíà kékeré yẹn á sì gba ìyà. A ó ti quill pa, a ó ti knee (apá tí ń gbé tébù sókè sódò) pa, a ó ti X pa nígbà tí Y bá ń rìn. Ti jíjìn, 1 mm lẹ́ẹ̀kan títí a ó fi dé 8.

Ní gbígbẹ la ó gé káàsì. Èérún rẹ̀ máa ń di ìyẹ̀fun tó lè wọ bíárìn, nítorí náà vacuum la ó fi fà á. Kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ atẹ́gùn compressor sí orí yẹn. Lẹ́yìn ìgé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án nígbà tí spindle bá ti dúró. Bí ó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró lé e, a jẹ́ kí ó tutù kí a tó tẹ̀síwájú.

Irin_Kì_í_Parọ́ kọ:

Àwọn M10 ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ náà ni ẹ máa fi táàpù rẹ̀?

ÌyáẸ̀rọ kọ:

Rárá. Bíìtì 8.5 mm ni a ó fi lu ihò pẹ̀lú orí onígun, tébù ni a ó máa fi tì í wọlé, a ó máa fà á jáde léraléra kí ìyẹ̀fun káàsì jáde. Táàpù fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni, pẹ̀lú ratchet kékeré. Bí táàpù bá kán sínú ògiri yẹn, ibi tí a máa gbà yọ ọ́ kò sí.

Tọ́nà, mo ti fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ fọ epo inú ilé gíà náà dànù pátápátá kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì fi ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan surface plate kí a mọ̀ pé ó jókòó dáadáa. Ẹ má parí irin pẹlẹbẹ tuntun náà sílé o. Ẹ fi 0.3 mm sílẹ̀ lára fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ mú un dání. A ó wọ̀n kòtò nígbà tí a bá gé e tán, a ó wá fi surface grinder mú irin náà bá a mu, a ó sì tì í wọ inú rẹ̀ wò kí a tó tú clamp.

Tọ́nà_Ìwó_Road kọ:

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. 14.3 mm ni mo máa gé e sí.